Káróòtì Tó Wà Lódìkejì Ọgbà

Nígbà tí Ardith Tollefson rí àgbàdo lórí tábìlì Royce Pelkey ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Keje, ó gbé páálí ẹyin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó sì fi oníbàárà tó ń bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Àgbàdo tútù ni, ó gbó, irun rẹ̀ ti ń pọ́n, wọ́n tò ó jọ bí igi ìdáná. Lọ́dọ̀ tiwa ní ìlú Brandvold, níbi tí òtútù ti ń pẹ́ kó tó kúrò, bí àgbàdo bá ga dé orúnkún èèyàn lọ́jọ́ kẹrin oṣù Keje, àgbẹ̀ á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ti Ardith fúnra rẹ̀ kò tíì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣebí inú oṣù Kẹrin ni yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀. Níbo wá ni ti Royce ti rí oòrùn tó fi gbó?

"Royce, o kú ọjà."

"Ẹ kú ọjà, màmá. Ṣé kí n bá yín di mẹ́fà ni àbí méjìlá?"

"Ta ló gbìn ín?"

"Ẹ̀yin náà! Oko ló ti wá."

"Mo mọ̀ pé kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Oko ta ni?"

"Oko mi ni."

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń tajà níbí, Royce. Àfi bí àgbàdo tìẹ bá gbọ́ pé ọjà ń tà, tó wá sáré dàgbà."

Àwọn tó tò síwájú tábìlì rẹ́rìn-ín. Royce náà rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ọlọ́dún márùndínláàádọ́ta ni, eyín rẹ̀ funfun, ẹ̀rín rẹ̀ kì í sì í wọ́n. Ọdún karùn-ún rẹ̀ lọ́jà nìyí. Ó ju àgbàdo mẹ́fà sínú àpò fún ẹni tó kàn, ó ní, "Màmá, ìlara kì í mú àgbàdo gbó o."

Ìlara! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ardith lára dé eegun. Obìnrin ọlọ́dún méjìdínláàádọ́rin tí kò jí abẹ́rẹ́ rí, tí kò da ẹyin àná mọ́ ti òní tà rí, òun ni ọmọ àná ń pè ní onílara lójú oníbàárà. Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó ń fi ìbínú to ẹyin débi pé méjì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kí ẹ lè mọ ìdí tó fi dùn ún tó bẹ́ẹ̀, ẹ níláti mọ̀ pé Ardith wà lára àwọn tó dá ọjà yìí sílẹ̀. Àwọn méjìlá ni wọ́n kọ́kọ́ kó ọkọ̀ akẹ́rù wọn wá sí àgbàlá ilé ìlọkà, tí wọ́n ń ta ewébẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Òun àti Harlan ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò pẹ́ ni oníṣòwò kan kó bàrà olómi dé láti ọ̀nà jíjìn, tòun ti bébà ilé ìtajà lára rẹ̀, gbogbo ayé sì ṣù bò ó. Ardith ló jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ òfin: ohun tí kò bá hù lórí ilẹ̀ tí o ni tàbí ilẹ̀ tí o háyà, má gbé e wá sí ọjà yìí. Lọ́dún kejì, obìnrin kan fi ẹjọ́ èké sun aládùúgbò rẹ̀, wọ́n lọ tú oko onítọ̀hún wò lásán. Inú tún bí Ardith. Ó fi òfin kejì kún un: ẹni tó bá fẹjọ́ sùn, wọn yóò dé oko tirẹ̀ náà. Ó ní ìyẹn ni yóò kọ́ abanijẹ́ lọ́gbọ́n.

Bí ọjà ṣe dàgbà nìyẹn. Ó kúrò ní àgbàlá ilé ìlọkà, ó dé iwájú kóòtù, abẹ́ igi ńlá, níbi tí ìsọ̀ ọgọ́ta wà lónìí. Igun àkọ́kọ́, lẹ́nu ọ̀nà, ni ti Ardith. Gbogbo ẹni tó bá ń wọlé, ojú rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Harlan kú lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, àwọn ọmọ ti lọ sí ìlú ńlá, ẹyin ò sì fi bẹ́ẹ̀ mú èrè wá. Igun yẹn ni obìnrin yìí ń jí sí. Bí ẹ bá gba igun yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò mọ ohun tó máa kù fún un láti Sọ́ńdè dé Fúráìdè.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló lọ bá Kendra Voight. Kendra ló ń ṣàkóso ọjà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó máa ń sáré kiri pẹ̀lú fèrè lọ́rùn. Kò sí Sátidé tí kò ní ohun tó gbé kalẹ̀. Bí kì í ṣe nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, á jẹ́ àwọn ìyá ìjọ Luther tó ń bára wọn du ife-ẹ̀yẹ ẹni tó yan páì tó dùn jù. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, eré ìje súkíní, ewébẹ̀ gígùn tó dà bíi kùkúmbà, ló ń tò. Àwọn ọmọdé á fi táyà kéékèèké sí ìdí súkíní bíi mọ́tò, wọ́n á jẹ́ kó yí sísàlẹ̀ lórí pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òbí á sì máa pariwo bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ gba oyè. Ardith kórìíra gbogbo rẹ̀. Ó ní oúnjẹ ni súkíní, kì í ṣe mọ́tò.

"Kendra, àgbàdo yẹn kì í ṣe tibí."

"Màmá Ardith, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di pákó yìí mú."

Ardith di pákó mú. "Mo ní àgbàdo Royce kì í ṣe tibí."

"Àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀, mà."

"Àwọn èèyàn fẹ́ràn ọtí náà. Ṣé kí n lọ gbé àgbá kan wá?"

Kendra mí kanlẹ̀. Ó fa fọ́ọ̀mù yọ nínú àpò rẹ̀. "Ó dáa, ẹ fọwọ́ sí i níbí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé wọ́n á dé oko tiyín náà o."

"Èmi ni mo kọ òfin yẹn, kí ìyá ẹ tó lóyún ẹ."

Ó fọwọ́ sí i. Ó tẹ bírò mọ́ ọn débi pé bébà náà lu.

Ní Wẹ́sìdeè, Kendra àti Norbert Dietzman dé. Norbert ni alága ìgbìmọ̀, ó ń ta oyin, òun náà sì wà lára àwọn méjìlá àkọ́kọ́. Ọ̀dọ̀ Royce ni wọ́n ti ń bọ̀. Ardith ti po kọfí, ó ti yan kéèkì, ó ti gbálẹ̀ inú ilé adìẹ bí ẹni tó ń retí bíṣọ́ọ̀bù. Kò sí ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó mú wọn kiri: tòmátì rèé, àlùbọ́sà rèé, adìẹ rèé, ẹ ka iye wọn bí ẹ bá fẹ́.

"Káróòtì ńkọ́?" ni Norbert bi í. Ó yẹ kó béèrè, torí káróòtì Ardith ló gbajúmọ̀ jù lọ́jà wa. Ó gùn, ó tọ́, ó dùn bí oyin. Àwọn kan máa ń wakọ̀ fún wákàtí kan gbáko nítorí rẹ̀.

Ardith na ìka kọjá ọgbà wáyà. "Wò ó níbẹ̀ yẹn. Ti ọdún yìí tún dára jù. Ẹ wá, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Ó ti ṣí géètì kékeré tó wà láàárín, ó ti ń lọ. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e.

Norbert ṣí fìlà, ó fọwọ́ ra orí. "Ardith, ilẹ̀ Lavonne nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ilẹ̀ Lavonne ni látìgbà tí wọ́n ti bí wa. Kí ló dé?"

Lavonne Opsahl ni aládùúgbò rẹ̀. Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé lọ́jọ́ kan náà ni, wọ́n jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì títí dòní.

"Ta ló gbin káróòtì náà?"

"Lavonne." Ohùn Ardith kò yí padà. "Ilẹ̀ tèmi, amọ̀ ni, Norbert, o mọ̀ dáadáa. Káróòtì tó bá hù níbí á la ẹsẹ̀ méjì bíi ṣòkòtò. Ti Lavonne, iyanrìn ni, ó ń jẹ́ kó wọlẹ̀ lọ tààrà. Ló bá ń gbìn ín, ó ń tu koríko ẹ̀, èmi ń gbé e lọ sọ́jà. Mò ń fún un lẹ́yin, mò ń fún un ní tòmátì, mò ń gbé e lọ síbi tó bá fẹ́ lọ, torí kì í wakọ̀. Bí a ṣe ń ṣe é látìgbà tí Harlan ti kú nìyẹn."

"Ìwé ìháyà wà?"

"Ìwé? Láàárín èmi àti Lavonne? Ṣé orí ẹ pé?"

Inú Norbert ò dùn, ẹ má rò pé ó dùn. Ilẹ̀ ló ń wò. "Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kó má ní ààlà, Ardith. Òfin sọ pé ilẹ̀ tí o ni tàbí ilẹ̀ tí o háyà."

"Ta lò ń ka òfin fún? Àgbàdo Royce ńkọ́?"

Kendra ló fèsì. "Ó ní ìwé, mà. Ó háyà oko kan nísàlẹ̀ gúúsù, ìrìn wákàtí mẹ́fà nínú ọkọ̀. Ibẹ̀ máa ń tètè móoru."

"Ta ló ń ro ó?"

"Ó gba ọkùnrin kan síbẹ̀."

"Ṣé òun fúnra ẹ̀ ti débẹ̀ rí?"

Norbert dé fìlà padà. Kọfí ti tutù, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan kéèkì.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, kí agogo ìbẹ̀rẹ̀ ọjà tó lù, Kendra mú lẹ́tà wá. Wọ́n ní kí Ardith kúrò lọ́jà fún gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí, kí igun rẹ̀ sì lọ fún ẹni tó kàn lórí ìwé. Ṣùgbọ́n bó bá mú ìwé ìháyà ilẹ̀ Lavonne wá kí Sátidé mìíràn tó pé, wọ́n á gbójú kúrò. Norbert ló bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn.

Ardith ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá gbé e sókè, ó pariwo débi pé olórin tó ń ta gòjé lábẹ́ igi dáwọ́ dúró.

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ wá gbọ́ o! Olè tó ní ìwé lọ́wọ́ ń tajà, èmi tí mo bí ọjà yìí ni wọ́n ní kí n máa lọ ilé! Royce Pelkey, o ò mọ àwọ̀ ilẹ̀ tí àgbàdo ẹ ti hù! Ẹnìkan ń làágùn níbì kan, ìwọ ń fi eyín funfun ta òógùn ẹ̀! Orúkọ ta ló wà lórí pátákó iwájú tábìlì ẹ? Orúkọ ẹ ni! Ojú ò tì ẹ́?"

Royce ń to àgbàdo. Kò wòkè. Àwọn tó ti ń ra káróòtì lọ́wọ́ Ardith láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ń wo fóònù, wọ́n ń wo bàtà wọn, wọ́n ń wo súkíní. Ẹnìkan ò sọ pé "Ẹ pẹ̀lẹ́." Ohun tó dun èmi jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ardith kó ẹrù rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, ó ń ju páálí lu páálí.

Ọ̀dọ̀ Lavonne ló gbà lọ tààrà. Lavonne jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó ń gé ewé káróòtì. Kò tóbi lára, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn ọmọdé ṣọ́ọ̀ṣì rò pé odi ni. Ardith dúró níwájú rẹ̀, ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, láti orí àgbàdo dórí lẹ́tà.

"O rí ayé lóde, Lavonne! Ẹlòmíràn ń roko nínú oòrùn, ẹlòmíràn ń ṣiṣẹ́, Royce á wá kó o wá sọ́jà, á fi orúkọ ara ẹ̀ lé e lórí!"

"Bí ìwọ náà ṣe ń ṣe," ni Lavonne wí.

Ardith rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Kí lo wí?"

"O gbọ́ mi." Lavonne gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá. Káróòtì Ardith, káróòtì Ardith, gbogbo ìlú. Lọ́dún Àjíǹde tó kọjá, obìnrin kan dì mí mú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n gbìyànjú kí n tọ́ káróòtì Ardith wò, pé mi ò lè jẹ irú ẹ̀ rí láyé mi. Ó sọ ọ́ fún èmi! Koríko ṣì wà lábẹ́ èékánná mi."

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo ní màá rà á."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mò ń retí kí ìwọ sọ ọ́. Gbogbo Sátidé ni mò ń retí. Mo máa ń ní lónìí, ó máa sọ fún ẹnìkan. Àní ẹnìkan péré."

"Mò ń fún ẹ lẹ́yin!"

"Ta ló ń bá ẹ jà nítorí ẹyin?"

Ardith wo ọgbà, ó wo géètì. Inú ń bí i sí i, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí ìbínú náà kọjú sí mọ́. Ó ní, "Ó dáa. Mo ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìwé ló kù báyìí. Norbert ní bí o bá lè buwọ́ lu ìwé ìháyà kí Sátidé tó ń bọ̀ tó pé, wọ́n á dá igun mi padà. Bébà kan péré ni, Lavonne."

"Mi ò ní buwọ́ lù ú."

"Lavonne."

"Bí mo bá buwọ́ lù ú, ó di tìẹ nínú ìwé, bó ṣe ti di tìẹ lẹ́nu. Mi ò ṣe. Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ní Wẹ́sìdeè, mo sì ti pe Kendra lórí fóònù. Ìsọ̀ kan ṣẹ́ kù lápá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyàgbẹ́ alágbèéká. Mo ti gbà á, orúkọ mi ló máa wà níbẹ̀." Ó tún mú ọ̀bẹ rẹ̀. "Mi ò mọ̀ ọ́n tà. Mi ò mọ ojú àwọn èèyàn ẹ. Bó bá wù ẹ́, wá dúró tì mí. Bí kò bá wù ẹ́, jókòó sílé."

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyàgbẹ́!" ni Ardith pariwo. "Èmi!" Ó gbá géètì dé débi pé ìkọ́ rẹ̀ yọ.

Ọjọ́ méje gbáko ni wọn ò fi kí ara wọn, àwọn tí wọn ò tíì pínyà rí látìgbà èwe. Ní Mọ́ńdè, Ardith mú fọ́ọ̀kì oko, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú amọ̀ rẹ̀. Ó ní òun á gbin káróòtì tòun, òun á fi han gbogbo wọn. Oòrùn ti sun amọ̀ náà bíi bíríkì. Ó gbẹ́ ìwọ̀nba ebè kan kí ọ̀pá fọ́ọ̀kì tó ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀, ó bú Royce, ó bú Norbert, ó bú Kendra àti fèrè rẹ̀. Ó bú Harlan tó kú. Nígbà tó kan Lavonne, ó la ẹnu, kò rí èébú kankan tó bá a mu. Ìgbà yẹn ló tó sunkún, ẹkún ìbínú.

Àárọ̀ Sátidé, ó rí Lavonne létí títì. Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Páálí káróòtì mẹ́fà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń retí Kendra tó ṣèlérí láti wá gbé e. Agogo mẹ́fà ààbọ̀ ti lù, Kendra ò tíì yọjú. Ardith dúró nídìí fèrèsé, ó ń wò ó. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé kó dúró síbẹ̀ títí ọjà á fi tú. Ó ní ó tọ́ sí i. Ó wọ bàtà. Ó wa ọkọ̀ dé etí títì, ó fi ẹ̀yìn ọkọ̀ sún mọ́ páálí, kò bọ́ sílẹ̀.

"Kó o sẹ́yìn," ló wí láti ojú fèrèsé, ojú rẹ̀ le koko. "Mi ò sọ pé mo ti dárí jì ẹ́ o."

"Ta ló bẹ̀ ẹ́?" ni Lavonne wí, ó gbé páálí àkọ́kọ́.

Òórùn ìsọ̀ yẹn ò ṣeé sọ. Lọ́wọ́ iwájú, ní igun ẹnu ọ̀nà, ọmọdékùnrin méjì kan ti na àgọ́ sílẹ̀, wọ́n ń ta ọṣẹ olóòórùn dídùn. Ardith ò wo ibẹ̀. Ó to káróòtì, ó fi okùn dì wọ́n, ó ń ṣe é kíákíá bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Lavonne lẹ páálí pélébé kan mọ́ iwájú tábìlì, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, lẹ́tà náà kéré jù, kò sẹ́ni tó lè kà á láti ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta.

Agogo lù. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnìkan tó dé ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Ọkùnrin kan wá ń bọ̀, tó ti jẹ́ oníbàárà Ardith látìgbà tí Harlan ti wà láyé. Ó rí i, ojú rẹ̀ tàn.

"Ardith! Ibí ni wọ́n gbé ẹ pamọ́ sí? Mo ti ń wá ẹ kiri. Bá mi di ìdì méjì nínú káróòtì ẹ."

Ẹnu Ardith ti là láti sọ pé o ṣeun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Lavonne ń to ohun tó ti tò tẹ́lẹ̀, kò wòkè.

"Kì í ṣe tèmi," ni Ardith wí. Ohùn rẹ̀ le bí ẹni pé ọkùnrin náà ló ṣẹ̀ ẹ́. "Ti Lavonne ni. Òun ló gbìn ín."

"Háà. Ti ọdún yìí?"

"Ti gbogbo ọdún. Káróòtì tó o ti ń jẹ látọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, Lavonne ló gbin gbogbo ẹ̀. Èmi ni mi ò sọ fún ẹ."

Ọkùnrin náà wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó na ọwọ́ kọjá orí tábìlì sí Lavonne, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ìyàwó òun tó ti di olóògbé kò jẹ káróòtì mìíràn títí ó fi kú. Lavonne di ọwọ́ náà mú. Ardith di ìdì méjì náà sínú àpò. Ọkùnrin náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láì wo ojú rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Lavonne, ó sì lọ.